Ohun tí mo kọ́ nígbà tí owó ìwádìí ẹṣin tán

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ṣèwádìí jíìnì ẹran nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí físà yín so mọ́ iṣẹ́, tí iṣẹ́ sì so mọ́ owó ìwádìí ọ̀gá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nísinsìnyí tí ẹ kò tíì nílò rẹ̀. Bí ẹ kò bá ráyè ka ìyókù, ẹ mú ìyẹn lọ.

Kentucky ni mo ti ṣe ìwádìí tèmi. Ẹni tó bá mọ Lexington mọ̀ pé oko ẹṣin ló yí ìlú náà ká, kò sí ibi tó tún dára jù ú lọ fún irú iṣẹ́ yìí. Àwọ̀ ẹṣin àti àrùn tó ń bá àwọ̀ rìn ni mo ń wá. Irun ìrù tí a fà tu pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ti tó láti yọ DNA. Láti 2009 tí wọ́n ti tẹ àtòjọ jíìnì ẹṣin jáde láti ara Twilight, abo ẹṣin kan ní yunifásítì Cornell, ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́lẹ̀ ti wá rọrùn gan-an. Ìmọ̀ ń tẹ̀ síwájú, owó ni kò bá a rìn. Ará Amẹ́ríkà kì í jẹ ẹṣin, nítorí náà owó tó ń lọ sórí màlúù àti adìẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ àjọ àwọn ẹlẹ́ṣin ni púpọ̀ nínú tiwa ti ń wá, kì í pọ̀, kì í sì í pẹ́. Bẹ́ẹ̀, abo ẹṣin ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù 11, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà ń bí. Kí ọmọ tí ẹ ń retí tó délẹ̀, owó ti lè tán.

Bó ṣe tán mọ́ èmi lọ́wọ́ nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀gá pè mí. Mo wọlé, mo bá obìnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níjòókòó, fáìlì wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀gá kò wo ojú mi. Ó ní wọn ò tún owó náà fún wa mọ́, pé ìparí oṣù ni iṣẹ́ mi parí. Èmi yìí ni mo kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí a fi béèrè owó ọ̀hún, tí mo fi òru kọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bóyá n kò ṣiṣẹ́ tó. Mo ṣiṣẹ́. Obìnrin náà wá ṣí fáìlì, ó ka òfin H-1B, físà iṣẹ́ tí mo ń lò, fún mi: bí iṣẹ́ bá ti parí, ọjọ́ 60 ni èèyàn ní, ó pẹ́ jù, láti rí iṣẹ́ mìíràn tàbí kó kúrò ní Amẹ́ríkà. Ó ní ti yunifásítì ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ àti irun tí mo ti kó jọ, kí n kọ àkọsílẹ̀ wọn kí n fi lé wọn lọ́wọ́.

Mo lọ sídìí firísà náà. Àwọn àpótí kéékèèké tò síbẹ̀, ọwọ́ mi ló kọ orúkọ sí gbogbo wọn. Mo ń kà, mo ń kọ, títí ọwọ́ mi fi kan ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹṣin kan tí mo gbé orí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ nígbà tó ń kú. Funfun báláú ni wọ́n bí i, ó rẹwà. Àmọ́ iṣan tó yẹ kó máa darí ìfun rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò lè yàgbẹ́, inú rẹ̀ ń wú, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè tún un ṣe. Ìyá àgbà tó ni ín ń sunkún bó ṣe ń fọwọ́ síwèé pé kí a gba ẹ̀jẹ̀ náà, kí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Mo ti ṣèlérí fún un. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, mo dá a padà sínú òtútù, mo ti ilẹ̀kùn. Orí ilẹ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Ìbàdàn. Òru ti jìn lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun?" Ẹkún gba ẹnu mi, n kò lè dá a lóhùn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì. Wọ́n ní kí n wá kọ́ kíláàsì kan kí wọ́n wò ó, mo kọ́ ọ, wọ́n gbà mí, fọ́ọ̀mù mi sì wọlé kí ọjọ́ tó pé. Ohun tó gbà mí là ni pé nígbà tí mo ń ṣe PhD, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní, ọ̀gá ń ráhùn pé ó ń jẹ àkókò ìwádìí, n kò jáwọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìkejì: ẹ má so ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde mọ́ ọmọ ẹṣin tí wọn kò tíì bí. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́ ná. Ẹ fi owó pamọ́ pẹ̀lú, ìyẹn kò nílò àlàyé.

Àwọn kan ti ń sọ pé mo ti fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀, pé ẹni tí kò rọ́wọ́ mú ló ń dolùkọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dàgbà sí oko ẹṣin. Mo ya ìlà fún wọn lórí pátákó: akọ àti abo tó jọ ní àwọ̀ tí ẹlẹ́ṣin ń pè ní frame overo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀dà jíìnì EDNRB kan tó ní àbùkù, bí a bá mú wọn gun ara wọn, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ọmọ wọn lè gba ẹ̀dà méjèèjì, kó sì kú bíi ti ọmọ ẹṣin funfun yẹn. Ìṣirò AS àti AS tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi ń dá àfẹ́sọ́nà dúró nílé ni, kò yàtọ̀. Láti 1998 ni wọ́n ti rí àbùkù náà, àyẹ̀wò sì wà. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní irú ọmọ ẹṣin bẹ́ẹ̀ kú nílé wọn, bàbá òun kò mọ̀ pé irun ìrù nìkan ni àwọn ì bá fi ránṣẹ́. Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni ìwádìí yẹ kó dé ni? Àwọn èèyàn kan wà pẹ̀lú tí àbùkù nínú jíìnì yìí ń fa àrùn ìfun fún, èmi sì kọ́ wọn nìyẹn pẹ̀lú.

Nítorí náà mo tún un sọ: ẹ kọ́ni. Bí ẹ bá ń kọ́ni báyìí, ẹ tọ́jú èsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ nípa yín, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó kíláàsì náà nígbà tó ṣì wà nípò. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹnìkan bá ṣí fáìlì níwájú yín.