Ọ̀gá tó fi ọ̀gà ṣe àmì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025

Òjò kò jẹ́ n jáde láàárọ̀ yìí. Mo wá ní kí n tú àpótí Bàámi wò, èyí tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà. Kò sí nǹkan ńlá níbẹ̀: awò ojú tí apá rẹ̀ kan ti kán, fìlà abetí ajá kan, káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n kọ République Populaire du Bénin sí lórí, àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan tí ikán ti jẹ létí.

Ìwé gbèsè ni. Tíṣà ni Bàámi ní Kétu wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé wọn sì dára débi pé gbèsè pàápàá ń wuni í wò. "Gààrí tóńgólò 3. Epo ìgò 1. Ọṣẹ. Kẹrosín." Ọjọ́ ló ṣáájú, ẹni tó tà á láwìn ló kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n bá ti san, wọ́n á fi bírò pupa fa ìlà gùn ún. Nígbà tí mo dé ọdún 1989, mo ṣí ojú ìwé mẹ́jọ láìrí ìlà pupa kan ṣoṣo.

Òní ló pé ọdún 10 tí Mathieu Kérékou, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà kan rí, kú. N kò mọ̀ọ́mọ̀ yan òní láti ṣí àpótí o, òjò ló yàn án.

Bàámi kì í pe Kérékou ní "ó" láé. "Wọ́n" ni. "Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí rédíò lánàá." Ní ti Màámi, "ó" ni, bí inú bá sì ń bí wọn, "ọkùnrin yẹn". Orí ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn. Èmi yóò lo "ó" lónìí. Bàámi, ẹ má bínú.

Ìhà àríwá ni wọ́n ti bí i, ní Kouarfa nítòsí Natitingou, lọ́dún 1933. Sójà ni. Nígbà tó fi ipá gba ìjọba ní 26 oṣù Ọ̀wàrà 1972, àgbà òṣèlú mẹ́ta ló ń pín àga ààrẹ lọ́dún méjì-méjì, bí orogún ṣe ń pín ọjọ́ oúnjẹ. Maga ti ṣe tirẹ̀ tán, Ahomadégbé wà lórí àga, Apithy ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń retí tirẹ̀. Kò kàn án mọ́. Ní 30 oṣù Bélú 1974, Kérékou dúró ní Àgbómẹ̀, ó kéde pé ọ̀nà kọ́múníìsì ti Marx àti Lenin ni ìlú yóò máa tọ̀. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn ìyẹn, ó pa orúkọ Dàhòmì rẹ́, orílẹ̀-èdè di Bẹ̀nẹ̀. Àsíá di àwọ̀ ewé, ìràwọ̀ pupa kan jókòó sí igun rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ni mo rò pé ó kọ́kọ́ fa ojú Bàámi mọ́ra. Létí ará Kétu, Dàhòmì kì í ṣe orúkọ ilẹ̀ baba ẹni. Ogun Dàhòmì ló fọ́ ìlú wa ní 1886, ó sun ún, ó kó èèyàn lẹ́rú. Kí a wá máa fi orúkọ ẹni tó kó ni pe ara ẹni nínú ìwé ìrìnnà! Bẹ̀nẹ̀ ní tirẹ̀, orúkọ etí òkun ni, kò sí ẹ̀yà kan nínú wa tó lè ní ti òun ni. Bàámi a máa sọ pé ọmọ àríwá nìkan ló lè rí ìyẹn, nítorí kò sí nínú ìjà ààrin àwa ará gúúsù. Mo gbà pẹ̀lú wọn níbí yìí.

Ìkíni ìgbà náà ni "Ehuzu!", kí àwọn èèyàn sì dáhùn pé "Dandan!" Èdè Fọ̀n ni, nǹkan ti yí padà, kò sì sí àní-àní. "Ehuzu" náà sì ni wọ́n sọ ìwé ìròyìn ìjọba. Ṣùgbọ́n àwa náà ní dandan tiwa, Màámi sì mọ ibi tí wọ́n ń lò ó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ké "Ehuzu!" nílé wa nígbà tí ìkòkò bá ṣófo, wọ́n á ní, "Dandan lebi."

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó gba báńkì àti iléeṣẹ́ epo lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì di ti ìjọba, àwọn ọmọ sì ń dáko nílé ẹ̀kọ́. Òun àti Nàìjíríà jọ dá iléeṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ti símẹ́ńtì ní Onígbólò lọ́nà Pọ́bẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò rí bí wọ́n ṣe rò ó. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè pa ní 1984, ẹni tó bá mọ Kétu yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọjà wa, ẹsẹ̀ kan wà nílé, ẹsẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kì í sì í ṣe àfọkànrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú 16 oṣù Ṣẹẹrẹ 1977, Bob Denard ará Faransé kó àwọn jagunjagun tí wọ́n fowó háyà sínú ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n balẹ̀ sí Kútọnu láti wá yọ ọ́ nípò. Wọ́n kùnà láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n sì sá lọ tìkánjú-tìkánjú débi pé wọ́n gbàgbé àwọn ìwé ètò ogun wọn sílẹ̀. Bàámi fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí. Ibi ìwé tí wọ́n gbàgbé yẹn ni wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín.

Èyí tí wọn kì í sọ ló pọ̀ jù. Wọn kì í sọ ti Michel Aïkpé, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí wọ́n yìnbọn pa ní 1975, tí ìjọba ní wọ́n ká a mọ́ ìyàwó ààrẹ. Wọn kì í sọ ti ẹ̀wọ̀n Ségbana lókè àríwá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ kọ́múníìsì tòótọ́ wà nítorí pé wọ́n ní ti Kérékou kì í ṣe ojúlówó. Àwọn ọmọ Marx ń ti ọmọ Marx mọ́lé! Ẹni tó sì ń pe Lenin lọ́sàn-án gangan ní aláfàá kan láti Mali lẹ́gbẹ̀ẹ́, Mohamed Cissé, tó fi jẹ mínísítà. Ìgbà kan tún wà tí wọ́n ń ṣọdẹ àjẹ́ lórúkọ ìyípadà, tí wọ́n ń mú àwọn ìyá arúgbó wá jẹ́wọ́ lórí rédíò. Màmá àgbà kan wà lágbolé wa tí kò jẹ́ kí a tan rédíò ní yàrá òun títí wọ́n fi kú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ariwo ni wọn ò fẹ́.

Ọdún 1988 ni àwọn báńkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀. Owó oṣù kò wọlé mọ́, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ojú ìwé mẹ́jọ tí kò ní ìlà pupa nìyẹn. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1989 Kérékou ní òun ti fi Marx sílẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 1990, àwọn aṣojú ìlú kó ara wọn jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza ni alága, rédíò sì ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Ìpàdé tí Kérékou fúnra rẹ̀ pè gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Sójà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bínú, ó jágbe, ó sì gbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Nicéphore Soglo fi ìbò na án, ó tọrọ àforíjì, ó lọ sílé.

Ní 1996, ó padà wá, Bàámi sì dìbò fún un.

Ọ̀gà ni àmì rẹ̀. Ẹ̀ka igi, ó ní, kò ní í dá mọ́ ọ̀gà lọ́wọ́. Ó ti bá Marx rìn, ó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Líbíà lọ́dún 1980, ó padà wá di àtúnbí. Àtúnbí yìí ló mú un fo "àwọn baba ńlá wa" nígbà tó ń búra ní 1996, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin sì ní kó padà wá búra, kó pe àwọn baba ńlá bí ìwé òfin ṣe pè wọ́n. Ó tún un ṣe. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ní 1999, ó kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Baltimore, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ àwọn tí a tà lẹ́rú. N kò lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ Kétu ṣì wà nínú ilé òrìṣà ní Bàhíà ní Brazil, a sì mọ bó ṣe débẹ̀. Ní 2006, ìwé òfin ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá. Kò tún ìwé òfin kọ, ó kúrò.

Mo bi Bàámi nígbà kan bí ẹni tí ebi pa nígbà ìjọba ẹnì kan ṣe lè tún dìbò fún un. Wọ́n ní, "Ààrẹ mélòó lo mọ̀ tó dìde lórí àga láìjẹ́ pé wọ́n gbé òkú rẹ̀ dìde?" N kò rí èsì fọ̀ nígbà náà.

Lónìí, pẹ̀lú ìwé gbèsè lọ́wọ́, mo rí i pé ebi nìkan ni Bàámi ní láti dárí rẹ̀ jì. Gààrí tóńgólò 3, epo ìgò 1. Ìyẹn ṣeé fa ìlà pupa gùn. Màmá àgbà tí kò jẹ́ ká tan rédíò kò ní ìwé kankan, wọn ò sì dìbò fún ẹnikẹ́ni ní 1996.

Mo pe Màámi nígbà tí òjò dá. Mo ka ojú ìwé tó kẹ́yìn fún wọn, ìdí rẹ̀ ni pé ìlà kan wà tí wọn ò fà: ọṣẹ méjì, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Mo ní ṣé wọ́n san án.

"Bàbá ẹ ló mọ̀," wọ́n ní. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ ìyá náà wà ní Pọ́bẹ̀. Èló ni wọ́n kọ síbẹ̀?"