Mo rí iyùn láàyè ní Chumbe

Iyùn tí mo mọ̀ láti kékeré kò kọjá èyí tó wà lọ́rùn ìyá mi àgbà. Bí ọdún bá dé, wọ́n á yọ ọ́ nínú àpótí, wọ́n á fi òróró pa á kó lè máa dán, ọmọdé kan ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òkúta ni mo kà á sí. Àfìgbà tí mo dé erékùṣù Chumbe, ní Zanzibar lọ́hùn-ún ní Tàǹsáníà, ni mo tó fojú ara mi rí i pé ẹ̀dá abẹ̀mí ló ń kọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀.

A wọkọ̀ ojú omi láàárọ̀. Láti òkèèrè la ti ń rí ilé gíga oníná tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1904 láti máa fọ̀nà han ọkọ̀. Bàbá tó mú wa wọ omi, apẹja ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Matumbawe ni wọ́n ń pe iyùn lédè Swahili. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kìlọ̀ fún wa: "Ẹ wò ó o, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má dì í mú."

Mo wọ awò ojú, mo dojú bolẹ̀. Orí iyùn kan wà nísàlẹ̀ mi tó rí bí ọpọlọ èèyàn, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀. Inú ihò wọ̀nyẹn ni àwọn ẹranko náà ń gbé. Ewédò tí ojú lásán ò lè rí wà nínú ẹran ara wọn, ó ń fi ìtànṣán oòrùn se oúnjẹ, ó ń bọ́ wọn, òun náà ló ń fún wọn láwọ̀. Bí omi bá gbóná jù, ewédò á jáde, iyùn á funfun báláú. Bí ooru náà ò bá tètè lọ, ebi á pa á kú. Chumbe rí irú rẹ̀ lọ́dún 1998 àti 2016.

Ni mo bá ń gbọ́ ohun kan tó ń dún kóró-kóró lábẹ́ omi. Ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti odídẹrẹ́ ló ń gé òkúta jẹ! Iyanrìn ló máa ń yà bí ìgbẹ́. Púpọ̀ nínú iyanrìn funfun tí a tẹ̀ ní etíkun, ikùn ẹja ló ti jáde wá.

Nígbà tí mo yọrí, mo rí ìgbì tó ń fọ́ lára iyùn lókèèrè, omi tó sì dé ọ̀dọ̀ wa rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ló sọ sí mi lọ́kàn, níbi tí òkun ti gbé ilé àti ojú ọ̀nà lọ. Àwa ò ní irú odi yìí. Omi odò wa ń kó ẹrẹ̀ wọ òkun, iyùn ò sì fẹ́ràn omi tó dọ̀tí.

Láti 1994 ni wọn ò ti gbà kí ẹnikẹ́ni pẹja níbẹ̀. Bàbá náà ní inú kọ́kọ́ bí àwọn, ṣùgbọ́n ẹja tó ń bí níbẹ̀ máa ń jáde lọ bá àwọn tó ń pẹja nítòsí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ kì í gbé ìbọn. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń bá apẹja tó bá yà wọbẹ̀ sọ̀rọ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an.

Bí a ṣe ń padà, ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé. Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù rọra ki ojú bọ omi. Ó yọrí jáde, ó pariwo: "Samaki! Samaki!" Ẹja ló ń sọ. Ó tún ki ojú bọ̀ ọ́.