Ẹ̀rọ tó ń wọn CO2 inú omi adágún ẹja ní Ilé-Ifẹ̀: ibi tí iṣẹ́ dé

Ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa sọ iye CO2 (gáàsì tí a ń mí síta) inú omi adágún ẹja àrọ̀ tọ̀sán tòru ni iṣẹ́ yìí. Ìdájí ló jẹ wá lógún jù. Lóru, ẹja ń mí, ewédò náà ń mí, kò sì sí oòrùn tí ewédò lè fi lo CO2, nítorí náà ṣe ló ń pọ̀ sí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Sẹ́ńsọ̀ gáàsì MQ-135 olówó pọ́ọ́kú kò wúlò níbí. Ammonia, èéfín àti ọtí ló ń jí i, ammonia kò sì jìnnà sí adágún ẹja. Sẹ́ńsọ̀ NDIR la mú: ó ń tan ìtànṣán infrared, tí ojú kò lè rí, gba inú afẹ́fẹ́, CO2 a sì máa gbé èyí tó wà ní 4.26 µm mì. MH-Z19B, tó jẹ́ irú NDIR kan, dára fún inú yàrá, ṣùgbọ́n 5000 ppm (ìpín 5000 nínú mílíọ̀nù kan) ni òpin èyí tó wọ́pọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ní 25 °C, afẹ́fẹ́ tó ní 1000 ppm, tó ti bá omi dọ́gba, túmọ̀ sí mílígíráàmù 1.5 nínú lítà omi kan. 5000 ppm yóò tán ní 7.5, adágún tí ẹja kún sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi lo SCD30, NDIR mìíràn, nìyẹn, tó ṣeé gbára lé dé 10,000 ppm.

Sẹ́ńsọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kan omi. Rọ́bà silicone ló ń ya gáàsì kúrò lára omi: mítà 3, ihò inú 3 mm, ẹ̀yìn rẹ̀ 5 mm, tí a ká sínú omi, tí orí méjèèjì wọ inú ike onídèrí tí sẹ́ńsọ̀ wà. Pọ́ǹpù kékeré ń yí afẹ́fẹ́ náà po. Ike náà kò gbọ́dọ̀ ju 100 mL lọ. Gáàsì kì í yára la silicone kọjá, nítorí náà bí ike bá ṣe tóbi tó ni òǹkà yóò ṣe pẹ́ tó. Pẹ̀lú ìwọ̀n yìí, nínú omi tó ń rìn, ó ń gba bíi wákàtí kan kó tó dúró. Omi tó dákẹ́ yóò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀tá tó le jù ni ooru omi, ìyẹn omi tó ti di gáàsì. Silicone ń jẹ́ kí òun náà kọjá, bí ike bá sì tutù lóru ju omi lọ, ìrì yóò sẹ̀ sára sẹ́ńsọ̀, òǹkà á sì máa fò sókè sódò. Ẹ má fi kọ́sítíìkì sódà gbẹ ẹ́, torí CO2 gan-an ló ń jẹ. Silica gel náà ń mú díẹ̀ mọ́ra. Ohun tó tọ́ ni kí ike gbóná ju omi lọ díẹ̀: resistor 100 Ω lórí 5 V nínú ike, kí ẹ fi fóòmù wé e níta.

Ẹ pa ìtúnṣe aládàáṣe sẹ́ńsọ̀ náà (àṣẹ 0x5306, iye 0). Ó gbà pé òun ń rí afẹ́fẹ́ ìta tó mọ́ lójoojúmọ́, èyí tí kò sí nínú adágún. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, òǹkà tó kéré jù ni yóò sọ di 400, gbogbo ìyókù á sì yẹ̀. Lọ́sàn-án, ewédò tiẹ̀ lè fa CO2 omi sísàlẹ̀ ti afẹ́fẹ́. Ìta gbangba la ti ń tún un ṣe ní 420 ppm, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti èémí ènìyàn. Ilé-Ifẹ̀ ga ju òkun lọ ní bíi mítà 280, nítorí náà 980 mbar la kọ fún sẹ́ńsọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Bí a kò bá kọ ọ́, òǹkà yóò dín ní bíi 3%. Iléṣà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ará ibẹ̀ kọ iye tó kéré sí i.

Àyẹ̀wò tí a fọkàn tán jù kò gba òṣùwọ̀n wúrà. Ẹ po baking soda gíráàmù 5 mọ́ omi títí yóò fi pé 500 mL. Ẹ da fínígà 15 mL sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó gbẹ, ẹ so ike sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú rọ́bà méjì, kí ẹ fi sírínjì fa 10 mL nínú omi baking soda sí i, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Gíráàmù 0.1 baking soda nìyẹn, CO2 tí fínígà yọ lára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú òǹkà lọ sókè ní bíi 1160 ppm. Bó bá lọ sókè tó tún ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibì kan ń jò, orí pọ́ǹpù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rá ewédò tó ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà ń mí CO2 tirẹ̀, nítorí náà a ń fi aṣọ nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó kù ni kóòdù: DS18B20, tó ń wọn ìgbóná omi, ti wà nínú omi, ṣùgbọ́n ìṣirò ṣì ń lo mílígíráàmù 1.5 fún 1000 ppm nígbà gbogbo. Ní 30 °C, 1.3 ló yẹ kó jẹ́.