Róòlù Ni Kí Ẹ Máa Kà, Ẹ Má Ka Náírà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Títa Wáyà Fáwọn Oníṣẹ́ Iná

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ iná, tí ẹ sì ń gbèrò láti máa ta wáyà àti páìpù tí wáyà ń gba inú rẹ̀ fáwọn oníṣẹ́ iná ẹgbẹ́ yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ń gbé èèyàn dédìí òwò yìí kò ṣàjèjì sí yín. Iṣẹ́ sáìtì kì í lọ geere. Lónìí iṣẹ́ wà, lóṣù tó ń bọ̀ onílé ò rówó mọ́, gbogbo nǹkan á dúró. Ẹ ti mọ ọjà, ẹ mọ ẹni tó ń tà á ní Aláàbà, ọjà ohun èlò iná l'Èkó, ẹ sì mọ wáyà gidi yàtọ̀ sí ti jìbìtì. Òwò tó dáa ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Àmọ́ ibi tó ti ń pa ojú owó kì í ṣe ibi tí gbogbo wa ń wò.

Gbèsè tí wọn ò san ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Èyí tó dùn mí jù, tó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, gbèsè tí wọ́n san ni. Wọ́n san án pé, kò dín kọ́bọ̀ kan, síbẹ̀ ojú owó ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ra 20 róòlù wáyà 2.5 (mm² ni nọ́ńbà yìí, bí ojú bàbà inú rẹ̀ ṣe tóbi tó), ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦30,000. ₦600,000 nìyẹn. Ẹlẹgbẹ́ yín kan tó ń ṣe iná ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá kó gbogbo rẹ̀ láwìn ní ₦32,000 róòlù kan. Ó ní bí onílé bá ti fowó sílẹ̀, òun á san. Onílé ò tètè fowó sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, owó wọlé: ₦640,000, pé pérépéré, ó tún pè láti dúpẹ́. Ẹ kó owó ọ̀hún, ó di Aláàbà. Wọ́n ní róòlù yẹn ti di ₦42,000. Róòlù 15 lowó yín rà, ₦10,000 ló ṣẹ́ kù. Róòlù 5 ti pòórá nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni ò jí i, ẹnikẹ́ni ò jẹ yín ní gbèsè, ìwé yín sì ń sọ pé ẹ jèrè ₦40,000.

Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí mọ bó ṣe máa ń rí lójú ibẹ̀. Ẹ dúró níwájú ẹni tó ń tajà fún yín, ìwé ohun tí ẹ fẹ́ rà wà lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fagi lé wáyà 4. Ẹ dín 1.5 kù. Ẹ ní kí àwọn àpótí súwíìsì dúró ná. Ọmọ tó ń bá wọn gbé ọjà ti ń dá róòlù padà sórí pẹpẹ lójú yín. Ẹ ò sì lè bínú sí ẹnì kankan, nítorí ẹni tó kó ọjà yín lọ ti sanwó, ó tiẹ̀ rò pé òun ṣe yín lóore. Kí lẹ fẹ́ pè é sọ fún? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún á kàn máa ro yín nínú títí ẹ ó fi délé.

Ìdí tí wáyà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju ọjà mìíràn lọ ni pé bàbà ló wà nínú rẹ̀, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra bàbà lágbàáyé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wáyà lè wà ní Arẹ́pò bíi ti Coleman, tàbí ní Nnewi bíi ti Cutix, iye bàbà lókè òkun ni yóò tẹ̀ lé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tó bá rí lọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ní báńkì ti kọjá ₦1,400 nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, tọ́ọ̀nù bàbà kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Méjèèjì kóra jọ lé wáyà lórí. Kò tiẹ̀ dìgbà tó bá tún le tó bẹ́ẹ̀. Kó kàn gòkè díẹ̀ láàárín oṣù méjì péré, ó ti tó láti jẹ èrè tí ẹ fi lé e tán.

Nítorí náà, róòlù ni kí ẹ máa kà. Ẹ ra ìwé kan, ẹ má kọ owó sójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ pé: 1.5, mélòó, 2.5, mélòó, 4, mélòó. Bí oṣù bá parí, ẹ ka èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ fi iye tí owó ọwọ́ yín lè rà lọ́jọ́ náà kún un. Bí kò bá tó ti oṣù tó kọjá, ẹ ti ń pàdánù, bó ti wù kí owó báńkì pọ̀ tó.

Àwọn kan á ní ahun ni ẹni tí kì í tajà láwìn fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ, kò sì yí mi lọ́kàn padà. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń kó wáyà láwìn kì í fi owó ara rẹ̀ san án, owó onílé ló ń retí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ rẹ̀: onílé yẹn lẹ tajà fún láwìn, ẹ ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ ò mọ ibi tó ń gbé, kò sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan fún yín. Ẹlẹgbẹ́ yín lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, kó sì má lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ rèé. Kí ẹlẹgbẹ́ yín gba owó ọjà lọ́wọ́ onílé kó tó bẹ̀rẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan, kó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Bí onílé kò bá fẹ́ fowó ọjà lé e lọ́wọ́, kí ó fún un ní ínfọ́ìsì ṣọ́ọ̀bù yín, kí onílé san án tààrà sínú àkáǹtì yín, ẹ ó sì fún ẹlẹgbẹ́ yín ní ọjà. Bí iṣẹ́ bá tóbi, ẹ pín in: róòlù tí wọ́n máa fà lọ́sẹ̀ yìí nìkan ni kó jáde, kí wọ́n sanwó rẹ̀ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Bí àwìn bá wá di dandan, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye tí ọjà bá jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá sanwó ni wọ́n máa san, kì í ṣe iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kó o. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é báyìí, ọjà ti ń kún padà díẹ̀díẹ̀.

Ní ti ọjà tí ẹ máa kó, ìpele iṣẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àwọn nǹkan páìpù ló máa ń tètè lọ, owó wọn ò sì wọ́n: páìpù 20mm, àpótí 3x3 àti 3x6, àpótí roboto ti òkè àjà, kọ́pílìn tó ń so páìpù pọ̀, gọ́ọ̀mù. Ẹni tó fẹ́ to páìpù kí wọ́n tó da dẹ́kìn (kọnkéré òkè ilé) kò ní lè dúró de ọkọ̀ Aláàbà, ọ̀dọ̀ yín ló máa sáré wá. Wáyà ló ń gbé owó mì: 1.5 fún iná, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ má jẹ́ kí pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé tán ní 1.5 àti 2.5. Súwíìsì aláràbarà àti iná olówó ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ sí pálọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Onílé ló máa ń yàn án fúnra rẹ̀, bí àrà tuntun bá dé, tiyín á jókòó síbẹ̀. Ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn ṣáájú aago 7 àárọ̀, torí kí wọ́n tó dé sáìtì ni wọ́n ń rajà.

Àwọn tí ẹ ń tà fún mọ wáyà bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ má kó ayédèrú. Ẹ gbé róòlù sórí ìwọ̀n. Bàbà inú róòlù 2.5 tó gùn tó mítà 100 jẹ́ nǹkan bíi kílò 2.2, ká tó ka rọ́bà ara rẹ̀. Ti 1.5 jẹ́ nǹkan bíi 1.3, ti 4 jẹ́ nǹkan bíi 3.6. Bí odindi róòlù 2.5, tòun ti rọ́bà, kò bá tó kílò 2.2, yálà kò gùn tó, tàbí kò nípọn tó, tàbí alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára ni. Ẹ fi abẹ họ imú rẹ̀. Bí inú bá funfun, ẹ dá a padà. Ẹ fi caliper, irin tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọn okùn inú rẹ̀ tó bá jẹ́ olókùn kan ṣoṣo: 2.5 gidi fẹ̀ tó nǹkan bíi 1.78mm, 1.5 sì tó 1.38mm. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé ṣé mítà ni àbí yáàdì, torí 100 yáàdì kò ju mítà 91 àti díẹ̀ lọ. Àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, lára páálí dáa, àmọ́ àwọn oníjìbìtì náà ń tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀n ni kí ẹ gbára lé.

Àwọn kan máa ní kí ẹ kọ rìsíìtì tó ga ju iye tí àwọn san lọ. Ẹ má kọ ọ́. Bí onílé bá lọ béèrè níbòmíràn, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ló máa rí lórí ìwé. Ẹ ta á fún oníṣẹ́ ní iye tí yóò fi rí èrè tirẹ̀, kó lọ bá onílé rẹ̀ sọ ọ́. Bí ẹ bá gbé ọjà lọ sí sáìtì wọn, ẹ má sọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ má fún onílé ní nọ́ńbà yín, bó tilẹ̀ béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n bá fura pé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ wọn, wọn ò ní rajà yín mọ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Ẹ kan ìṣó méjì mọ́ etí tábìlì ní mítà kan géérégé fún àwọn tó ń ra gígé, kí ẹ sì kọ iye tó kù sára róòlù lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ẹ̀tì tó wọlé sórí fóònù kì í ṣe owó. Ẹ ṣí áàpù báńkì, kí ẹ rí i nínú àkáǹtì kí ọjà tó kúrò.

Ohun tí mo tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ínfọ́ìsì mi rèé, ẹ lè dà á kọ: “Ọjà tí ẹ kò bá tíì san owó rẹ̀, iye tó bá jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó ni a ó gbà. Róòlù tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì ya nìkan ni a lè gbà padà, láàárín ọjọ́ 7. A kì í gba wáyà tí a ti gé.” Kí ẹni tó ń kó ọjà kà á, kó fọwọ́ sí i, kó mú ẹ̀dà kan, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ yín, kí róòlù kankan tó kúrò lórí pẹpẹ.