Kí ẹ tó fi EJB tọ́jú dátà áàpù yín

Áàpù tí ó ń gba ọ́dà lọ́wọ́ oníbàárà ni ó là mí lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Table mẹ́jọ péré ni, inú dátábéèsì kan ṣoṣo. Síbẹ̀, entity bean ti EJB 2 la fi ṣe é (EJB, ìyẹn Enterprise JavaBeans, ni ètò Java fún áàpù iléeṣẹ́ ńlá; entity bean ni apá rẹ̀ tó ń dúró fún dátà inú table), torí gbogbo wa gbà pé ohun tí wọ́n bá ti pè ní enterprise ló yẹ iṣẹ́ gidi. A ò mọ̀ pé ẹrù la dì sórí ara wa.

Ẹ wo ohun tí table kan ń gbà: home interface, component interface, kíláàsì bean fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn kíláàsì ti primary key (àmì tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀), ká tó wá kan ìlà gbọọrọ inú ejb-jar.xml, fáìlì tí a ti ń ṣètò àwọn bean. Bí column kan bá wọlé, gbogbo wọn la máa tú yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀.

Nígbà tó yá, ojúewé tí ó ń to ọ́dà 200 jáde bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mo ṣí log SQL, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ìbéèrè tí áàpù ń fi ránṣẹ́ sí dátábéèsì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kó primary key nìkan wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ́dà tún lọ bá dátábéèsì láyè ara rẹ̀. Ìbéèrè 201 fún ojúewé kan ṣoṣo! Mo fi JDBC, ọ̀nà tí Java fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ tààrà, kọ SELECT kan, gbogbo ọ́dà náà sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò sọ pé EJB ò dáa o. Bí áàpù bá ní láti yọ owó ní dátábéèsì kan, kí ó kọ ọ́ sínú òmíràn, kí ó tún fi iṣẹ́ ránṣẹ́ gba JMS (ètò Java fún fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ láàárín áàpù), tí gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jọ yọrí tàbí kí wọ́n jọ já sófo, session bean (apá EJB tó ń ṣe iṣẹ́ áàpù) àti JTA (ètò Java tó ń so irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀) ló yẹ ẹ́. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: RuntimeException (àṣìṣe tí Java kò fi dandan lé wa láti kéde) ni container, ìyẹn sọ́fítíwíà tí bean ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, máa ń torí rẹ̀ dá gbogbo ohun tí a ti ṣe padà (rollback) fúnra rẹ̀. Checked exception (èyí tí Java fi dandan lé wa láti kéde tàbí láti bójú tó) kò rí bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹ bá sọ fún un.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè báyìí ni pé: nǹkan mélòó ló gbọ́dọ̀ jọ yọrí? Bí ó bá jẹ́ dátábéèsì kan, kò sí ohun tí EJB fẹ́ ṣe níbẹ̀. Láti 2006 tí EJB 3.0 ti gbé JPA (ìlànà Java fún títọ́jú dátà) jáde, ìtọ́jú dátà ti kúrò lábẹ́ EJB. Ẹ lè lo JPA pẹ̀lú Hibernate, ọ̀kan lára sọ́fítíwíà tó ń mú JPA ṣiṣẹ́, lórí sáfà Tomcat, tí kò tiẹ̀ ní container EJB. Ìbéèrè 201 yẹn ṣì lè lúgọ sínú lazy loading (kí JPA má kó dátà tó so mọ́ra wá àfi ìgbà tí a bá fọwọ́ kàn án), torí náà ẹ máa lo JOIN FETCH, tó ń kó wọn wá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì máa ka log.

Nínú áàpù ọ́dà wa, session bean kan la fi sílẹ̀, èyí tí ó ń kọ owó sílẹ̀ tí ó sì ń ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn entity bean la yọ, table kan tẹ̀ lé òmíràn, láìdá iṣẹ́ oníbàárà kankan dúró.