Ẹ má ta sáìnbọ́ọ̀dù bàbá yín fún onírin àlòkù

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti padà sí Adó-Èkìtì, inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín fi kíkọ sáìnbọ́ọ̀dù tọ́ dàgbà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Las Vegas, ní Amẹ́ríkà, ló mú mi lọ sí Neon Museum, ibi tí wọ́n ń kó sáìnbọ́ọ̀dù oníná àtijọ́ pa mọ́ sí. Mo rò pé inú ilé ni, àṣé àgbàlá gbalasa ni, òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, sáìnbọ́ọ̀dù hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé tẹ́tẹ́ àtijọ́ tò lọ bẹẹrẹ, òmíràn ga ju ilé wa lọ. Boneyard ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àgbàlá egungun. Ọmọbìnrin tó ń mú wa yí ká ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, háyà ni iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi fún hòtẹ́ẹ̀lì. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá kógbá sílé, sáìnbọ́ọ̀dù á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ó ní gáàsì neon tí wọ́n ń fi sínú ọ̀pá gíláàsì sáìnbọ́ọ̀dù gan-an, pupa bí ẹyin iná ló ń tàn. Argon àti mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń rí búlúù.

Ìdí ti Moulin Rouge la dé tí nǹkan fi yíwọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣí lọ́dún 1955 ni, òun ni hòtẹ́ẹ̀lì onítẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ nílùú náà tó gba dúdú àti funfun láti jọ jókòó, ọdún ọ̀hún ò sì parí tó fi kógbá sílé. Ọmọ náà nawọ́ sí lẹ́tà, ó ní Betty Willis ló yà á, òun náà ló ya ti ẹnubodè ìlú lọ́dún 1959.

Wọ́n mọ ọwọ́ tó yà á! Èmi náà mọ ọwọ́ Bàámi: ìrù R wọn máa ń ká bí ìrù ọ̀gà. Sáìnbọ́ọ̀dù 14 ló ṣẹ́kù lẹ́yìnkùlé wa ní Ìjìgbò, ti onígbàjámọ̀, ti télọ̀, ti oní-fọ́tò. Mo ti ta gbogbo rẹ̀ fún onírin àlòkù ní ₦7,000. Ọ̀kan ò gba inú kẹ̀kẹ́ ọkùnrin tó rà á, ló bá gbé e kalẹ̀, ó gun orí rẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí méjì. Ọ̀dà rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Ti Màámi ni, èyí tí Bàámi kọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ń wá ojú rere Màámi. Èmi dúró, mò ń ka owó.

Ìdí sáìnbọ́ọ̀dù Moulin Rouge yẹn ni omijé ti bọ́ lójú mi. Òyìnbó kan na tíṣù sí mi, ó rò pé ìyà àwọn aláwọ̀ dúdú ni mò ń sunkún sí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ₦7,000 ni?

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní olójúkòkòrò o. A fẹ́ tún ilé kọ́ ni, kò síbi tí a ó kó wọn sí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: bí ẹ bá ń lọ sí Neon Museum, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ bàtà gidi, ẹ lọ nírọ̀lẹ́, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èkejì, ẹ má tà á. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá máa tà á dandan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ná, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀... kí tiẹ̀ ni mò ń sọ? Ẹ má tà á! Ẹ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo ti rí ẹyọ kan rà padà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ kan ní Odò-Adó, ₦10,000. Ìrù R rẹ̀ ṣì ká. Pálọ̀ ló wà. Ìyàwó mi ní àwọn èèyàn á máa wọlé wá gẹrun.