Owó Ilé Ọlọ́dún ní Ìlọrin, Owó Ilé Olóṣù ní Ajax

Àwọn èèyàn mi nílé máa ń sọ pé, "Ẹ̀yin ará Kánádà ń gbádùn, oṣooṣù lẹ ń sanwó ilé." Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹni tó bá san owó ọdún kan ní Tanke ní Ìlọrin á yáwó, á kó èésú, àmọ́ tó bá ti gba rìsíìtì, ó tún di àmọ́dún. Níbí, ní Ajax, lápá ìlà-oòrùn Toronto, bí oṣù bá ti ń lọ sópin ni àyà mi ń já. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ ilé ti dé nìyẹn.

Mi ò gbè sẹ́yìn àwọn éjẹ́ǹtì Ìlọrin o. Ẹni tó ń wá fúláàtì oníyàrá mẹ́ta mọ̀ pé iye tí wọ́n dá lé e nìkan kọ́ ni òun máa san. Owó éjẹ́ǹtì ń bẹ, owó àgírímẹ́ǹtì ń bẹ, owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n ní àwọn á dá padà náà ń bẹ. Èyí tí wọ́n dá padà nínú rẹ̀, mi ò tíì rí i. Ti Tanke tún le sí i torí ojú ọ̀nà Yunifásítì ló wà: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta á dáwó jọ, wọ́n á gba ilé mọ́ onídìílé lọ́wọ́.

Ní Ontario, ìpínlẹ̀ tí Ajax wà, òfin kò gbà kí onílé gba owó kọ́ṣọ̀n rárá. Owó ilé oṣù àkọ́kọ́ àti ti oṣù tí wàá fi kó jáde ló lè gbà ṣíwájú. Ṣùgbọ́n á ní kó o mú lẹ́tà iṣẹ́ wá, kó o mú ìwé owó oṣù wá, kí òun rí bó o ṣe ń san gbèsè ní báǹkì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, ibo ló ti fẹ́ rí i? Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń fi owó ilé oṣù mélòó kan lọ onílé fúnra wa, kó ṣáà ti gbà. Ti Ìlọrin tún bá wa débí nìyẹn.

Ní ti ọmọ, àpọ́n ni onílé Ìlọrin ń sá fún, kì í sá fún ìdílé. Àlàájà tó ni ilé tí a gbé ní Fate kò béèrè iye ọmọ mi, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó kàn ní, "Ìyá Ràṣídà, àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ṣé wọn ò ní máa ju nǹkan sí kànga?" Mo ní, "Rárá, mà." Ó tán. Níbí, fọ́ọ̀mù ló ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó máa sùn nínú ilé. Mo ń kọ ọ́, mo ń ṣe Bísímílà. Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ọmọ kọ ayálégbé. Onílé mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní sọ pé òun ò fẹ́ ọmọ. Á ní ẹlòmíràn ti san.

Bẹ́ísìmẹ́ǹtì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, lagbára wa ká. Ẹni tó gbọ́n ní Ìlọrin kì í wo ilé lásìkò òjò. Oṣù kẹta ló máa ń lọ, á ṣí ìdérí kànga, á ju dòrò sí i; bó bá gbọ́ gbì, á bá tiẹ̀ lọ. Bẹ́ísìmẹ́ǹtì náà ní àsìkò tirẹ̀. Ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́ ni kó o lọ, kó o fọwọ́ ba ìsàlẹ̀ ògiri, kó o gbóòórùn abẹ́ àtẹ̀gùn. Bó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, má bu owó sílẹ̀.

Ìjà bílì kò yàtọ̀. Nílé onímítà kan ní Ìlọrin, ẹni tó ní fírísà ni gbogbo ilé ń wò. Níbí, àwọn tó wà lókè á san ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, àwa ìsàlẹ̀ á san ọgbọ̀n, wọ́n á sì ní ọmọ wa ń pẹ́ ní báfùróòmù.

Síbẹ̀, àdúgbò wa ní Ajax bá ìdílé mu. Ibi tó ò ń gbé ló ń sọ iléèwé ìjọba tí ọmọ máa lọ, ọmọ ọdún mẹ́rin ti lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ìlọrin, ọmọ Mandate lè máa lọ síléèwé ní GRA, ilé àti iléèwé ò mọra. Ilé kéwú nìkan ló máa ń wà nítòsí: lẹ́yìn Àsárì, ọmọ á gbé wàláà rẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn lọ. Tiwa níbí di Sátidé, ọkọ̀ la sì ń wọ̀ lọ. Èyí dùn mí ju owó lọ.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi onílé báyìí ni ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé inú ilé náà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2018 tàbí ṣáájú rẹ̀, ìjọba ló ń fi gbèdéke sí iye tó lè fi lé owó ilé lọ́dún. Ti 2026 jẹ́ ìdá 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, iye tó bá wù ú ni, bó bá ṣáà ti fún ọ ní ìwé ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣáájú. Ti bẹ́ísìmẹ́ǹtì wa, 2021 ni.